Rán Mi Létí Lọ́la

Ó tún yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, onígun mẹ́rin kékeré,
ó ní ẹ̀dà tuntun ti dé,
ṣé kí òun wọlé báyìí
àbí lóru, tí mo bá ti sùn.
Bí àlejò tó gbẹ́rù dúró lẹ́nu ọ̀nà,
kò bínú, kò sì lọ.
Mo tẹ "Rán mi létí lọ́la".
Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé.

Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi. Pánṣẹ́kẹ́ ni, lẹ́yìn ilé epo:
kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà,
àga mẹ́ta, ọ̀kan ò lápá.
Àwọn ọmọ yunifásítì ń ti Àlàbàtà bọ̀,
iṣẹ́ àṣekágbá nínú fíláàṣì, oorun lójú:
"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́rin ni wọ́n máa tilẹ̀kùn!"
A kì í tú ìró tún ró láàárín ọjà.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo kánjú.
Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde gan-an ni mo gbà á,
torí Fẹhíntọlá ti Ìbàrà ti gba tiẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.
Nígbà tí tèmi jí, kò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́.
Àwọn tó ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà!
Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fojú ara wọn hanra wọn:
òun náà nìyí, ẹ wò ó dáadáa, òun náà ni.
Bàbá kan tó fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú ìyá rẹ̀
gbé e lọ sí Kútọ̀.
Títí dòní, ó ń kí mi láti òdìkejì títì.

Ohun kan tún wà tí n kì í sọ fún oníbàárà.
Ìwé gbèsè mi inú ẹ̀rọ yìí, Ṣótáyọ̀ àbúrò mi ló kọ ètò rẹ̀,
lóru ọjọ́ kan tí kò síná, tó fẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú.
Tí mo bá ṣí i, á ní:
"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló jẹ yín lówó?"
Alẹ́ ni o, ọ̀sán ni o, ẹ káàárọ̀ ni.
Ó ní òun máa tún un ṣe. Kò tún un ṣe kó tó lọ.
Ẹ̀dà tuntun, wọ́n ní, kì í gba irú rẹ̀ wọlé mọ́.

Gbénró tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàpọ́n ní kí n fara balẹ̀:
"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sáré kọ́kọ́ já sí kòtò,
ká lè rí ibi tí a ó ri igi sí."
Òun kan náà ló tún ní, tó bá ti dópin Ọ̀wàrà,
wọn ò ní fún ti àtijọ́ lóògùn mọ́,
olè á kàn ti ilẹ̀kùn ni.
Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo gbà;
àmọ́ ẹ̀kọ tí a fẹ̀sọ̀ tọ́jú dọ̀túnla ńkọ́?

Mo ronú kan àwọn tó sá sábẹ́ òkúta láyé ogun.
Ta ló kọ́kọ́ yọrí síta?
Ẹnìkan á ti ní ẹ jẹ́ ó dọ̀la.
Ẹnìkan á ti ní ẹ̀yin ẹ máa wòran, omi inú akèrègbè ti tán.
Ó dà bíi pé òùngbẹ ló parí ẹjọ́ yẹn.

Sátidé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìsinmi.
Mo ra epo lítà mẹ́rin.
Mo ṣe àdàkọ gbogbo fáìlì sí díìsìkì méjì,
mo gbé ìkejì lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Àdátán,
wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí láìbéèrè ohun tó jẹ́.
Mo ṣí ìwé gbèsè lẹ́ẹ̀kan sí i,
mo fi fóònù ya ìkíni yẹn. Àwòrán náà gbọ̀n díẹ̀.

Onígun mẹ́rin yọ. Mo tẹ "Báyìí".
Ó di mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ó di mọ́kànlá.
Mo jókòó lórí àga tí kò lápá.
Ó di mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Wọ́n múná lọ.
Bátìrì abẹ́ tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.
Mo dìde, mo lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀.