Ibi Tí Ìgò Wà Tẹ́lẹ̀

Áàpù inú fóònù mi ta mí lólobó láàárọ̀,
ní Ìjẹ̀rù, l'Ógbómọ̀ṣọ́:
"Kẹrosíìnì inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́?
Gbé e sókè." Mo gbé e.

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Ṣé fóònù ti bímọ rí ni?
Mo tọ́ mẹ́fà láìsí ohun tó ń dún."

Méje ló bí.
A kì í ka ìkeje.

Nírọ̀lẹ́, Oyèlẹ́yẹ rá dé kọ̀rọ̀ náà,
ó fọwọ́ ra òrùka epo tí ìdí ìgò fi sílẹ̀,
ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ìyá dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún,
ó gbé ìkòkò omi eérú ọṣẹ rẹ̀ sórí àjà,
ó ní:
"Bi í wò, kí ló tún kù?"