Ife Omi Lẹ́nu Ọ̀nà

Bàbá mi àgbà ṣọ́ ilé ère ní Èsìẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún,
òun àti tọ́ọ̀ṣì kan, kóòtù àlòkù kan,
rédíò tí kò gbọ́ ju Ìlọrin lọ.
Alaalẹ́ ló ń ka àwọn ère náà
bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì
tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.
"Wọ́n pé," á wí fún mi láàárọ̀. "Wọn ò lọ síbì kankan."

Láwàní lorúkọ rẹ̀. Èmi Sẹ̀líátù
ni mo máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá a nígbà ọlidé.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ láti Òmù-Àrán títí dé ọ̀dọ̀ wa,
ojú ọ̀run là gaara,
ìràwọ̀ wá dà sílẹ̀ bí kajú abẹ́ igi lóṣù Ẹrẹ́nà,
tí ọwọ́ ò lè ṣà tán.
Mo ní: Bàbá, ṣé ẹnìkan ń gbé ibẹ̀ yẹn?

Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa tọ́ọ̀ṣì.
Ó ní: àwọn tó wà nínú ilé yìí,
àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n.
Wọ́n ti ibi tí a ò mọ̀ dé,
wọ́n jókòó, wọ́n di òkúta.
Ohun tó dùn mí nínú ìtàn náà
ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ
ohun tí wọ́n fẹ́ wí kí ẹnu wọn tó le.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àbúrò òun kọ lẹ́tà láti Tàmálè
lọ́dún tí wọ́n lé wọn ní Gánà.
Lẹ́tà dé nígbà tí a ti ṣe fìdáù rẹ̀ tán.
*Ara mi le*, ni ìlà àkọ́kọ́.
Ó na ìka sókè:
lára àwọn wọ̀nyí, òmíràn ti kú,
ó ṣì ń sọ fún wa pé ara òun le.

Èmi náà ti di olùkọ́. Mo ti kọ òǹkà ọ̀nà náà
sójú pátákó títí ṣọ́ọ̀kì fi tán lọ́wọ́ mi:
ọkọ̀ tó bá gbéra ní gáréèjì Òmù-Àrán lónìí,
tí epo ò tán, tí táyà ò bẹ́,
ọmọ-ọmọ awakọ̀ á ti gbàgbé orúkọ gáréèjì
kó tó dé ìràwọ̀ tó súnmọ́ wa jù.
A sọ òkúta sínú kànga, a tẹ́tí;
kí omi tó dáhùn, ẹni tó sọ ọ́ ti relé lọ jẹun.
Àwọn ọmọ ní: Tíṣà, wọ́n wà àbí wọn ò sí?
Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: *Tíṣà ò mọ̀.*

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún wọn.
Bóyá wọ́n ti kọjá.
Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí wa lójú,
wọ́n kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan,
wọ́n pe orúkọ tí a ò mọ̀ pé tiwa ni.
Wọ́n wí fúnra wọn pé: wọ́n pé.
Wọn ò lọ síbì kankan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá bu omi tútù sínú ife,
ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lórí ilẹ̀ lásán.
Mo ní: bí ohun tó ń bọ̀ kì í bá mu omi ńkọ́?
Ó ronú títí.
Ó ní: á ṣáà mọ̀ pé èèyàn wà nílé.

Ilẹ̀ mọ́, ife ṣófo.
Bàbá wò ó, ó wo òkè, kò sọ̀rọ̀.
Ewúrẹ́ Ìyá Abọ́sẹ̀dé ni. Mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eruku,
mo fi bàtà pa á rẹ́.