Ẹní Lábẹ́ Orin

Oṣù kìíní, Búkúrú. Ọyẹ́ ti la ètè mi,
ó ti la pákó ìdí dùùrù Bàbá Ládèjọbí pẹ̀lú.
Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi wọlé, mo kúnlẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ yẹ ẹsẹ̀ ẹṣin wò.
Ohùn mẹ́ta ti kú.
Ọ̀kan ń ké bí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.
Eku ti já aṣọ ara òòlù rẹ̀, ó fi tẹ́ ibùsùn fọ́mọ.

“Fi ti àárín yẹn sílẹ̀ ná,” ni bàbá wí.
Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí,
ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, bébà sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dì í.
Mọ́síkò ló ti rà á, nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta,
owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko.
Ó ní tíì àti ṣúgà lòun fi gbé e.

“Ẹni tó kọ ọ́ ti darúgbó.
Nígbà èwe rẹ̀, àrá ni, ìjì ni,
ìka rẹ̀ a máa sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.
Nígbà tó kù díẹ̀, ó kó gbogbo ìyẹn tì,
ó lọ ń wá orin àwọn àgbẹ̀ Rọ́ṣíà kiri,
orin tí kò ní olówó, tí a ò mọ ẹni tó dá a.
Kò kọ́lé lé e lórí o.
Ẹní ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.”

Ó jókòó. Ìka rẹ̀ ti sọ kókó bí ata ilẹ̀;
ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń kó ẹyin sínú agbọ̀n.
Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi:
ọmọbìnrin kan lọ sódò, odò ti di òkúta,
àáké ló fi wá omi,
ó ń bi omi léèrè ọkọ tó lọ sójú ogun.
Ọwọ́ òsì kò sọ ju “hùn” lọ,
bí àgbà tó jókòó ti ọlọ́fọ̀, tí kò ní àmọ̀ràn lẹ́nu.

Mo rò pé n óò rí yìnyín. Rárá.
Ìyá mi ni mo rí, létí irin rélùwéè ní Kafanṣán,
ó ń ṣa èédú tó já bọ́, ó ń kùn,
èmi lẹ́yìn rẹ̀, etí mi lé eegun ẹ̀yìn rẹ̀.
Mi ò mọ ọ̀rọ̀ inú orin yẹn títí dòní.
Láti ara ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ọ.

Lóde fèrèsé, Kàneng ń wa ọ̀dùnkún òyìnbó.
Ọkọ́ dákẹ́. Ó yọjú, erùpẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́,
ó fi Haúsá bèèrè pé ta ló kú.
Bàbá ní kò sẹ́ni tó kú,
orin àwọn òyìnbó tó ń wa ọ̀dùnkún ni.
“Òyìnbó? Wa ọ̀dùnkún?”
Ó rẹ́rìn-ín padà dé ìdí ebè, ó wá gbé tirẹ̀,
orin ilé bàbá rẹ̀, ohùn mẹ́rin péré,
ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn.

Bàbá kò bá a kọ ọ́. Ọwọ́ òsì nìkan ló gbé.
Hùn.
Ó dúró dè é níbi tó ti ń mí.
Hùn.
Ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn tí wọn ò kọ nǹkan sí,
ó wá pẹ́ńsù títí,
àṣé ẹ̀gbẹ́ etí mi ló há sí.

Mo tún ohùn méjì ṣe kílẹ̀ tó ṣú.
Ti àárín, ó ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án:
“Ibẹ̀ ni mo ti ń sinmi.”
Mi ò sọ fún un pé wáyà rẹ̀ ti tán nínú àpò mi,
pé kò sí irú rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì mọ́, àfi bóyá Kàdúná.
Ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ọ̀dùnkún àpò kan.
Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi relé, títì ò dára,
ọ̀dùnkún ń kọlu ara wọn lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi:
hùn.