Tíkẹ́ẹ̀tì sí Ọ̀dọ̀ Àbùùbùtán

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì
lójú wíńdò kékeré ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà.
"Kíláàsì wo lẹ fẹ́, ìyá? Ẹ tètè sọ, èrò ń bẹ lẹ́yìn."
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kánjú bá ẹni ẹlẹ́ni yan ìjókòó.
Lónìí, èmi náà jókòó ti tábìlì,
awò lójú, fóònù lọ́wọ́,
n kò mọ èyí tí n óò mú.

Àṣíátù ló sanwó ọkọ̀ òkun fún èmi àti ìyá rẹ̀:
ọjọ́ mẹ́jọ lórí omi, nínú ilé alájà mẹ́wàá tó ń rìn.
Ó ní lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ̀ yóò dúró ní èbúté kan,
kí a yan ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé wa lọ wo àbùùbùtán.
"Bàbá, ẹ tètè yàn, àyè ń tán."
Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọmọ dá padà fún mi yìí.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gba igba èrò.
Ó ní àjà méjì, ó ní tíì, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Ṣùgbọ́n igba èèyàn! Bí gbogbo wọn bá sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan,
tí wọ́n ń ké pé "Òun nìyẹn!", ìpàkọ́ lèmi yóò máa wò.
Mo ti rí ìpàkọ́ tó, lọ́sẹ̀ Iléyá,
nígbà tí ọkọ̀ Èkó bá wọlé.

Rọ́bà ni ìkejì, bíi táyà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí.
Èèyàn méjìlá, ẹ̀wù pupa dé ọrùn.
Wọ́n ní yóò sún mọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ yóò ta sí ọ lójú.
Rábíátù gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà:
"Orúnkún ta ni yóò gun rọ́bà? Tèmi àbí tìrẹ?"
Mo ní, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà."
Ó ní kí n lọ bá ẹja jà,
kí n sáà kọ́kọ́ fi ìwé báńkì mi síbi tí òun yóò ti rí i.

Ìkẹta ṣèlérí: dandan ni kí ẹ rí i;
bí ẹ ò bá rí i, ẹ padà wá lọ́fẹ̀ẹ́.
Ẹ̀rín pa mí.
Padà wá láti ibo? Láti Ọ̀fà?
Èmi tí mo ti sọ fún èrò rí pé, "Ó ti kúrò ní Òṣogbo, ó kù díẹ̀,"
nígbà tí reluwé ti yẹ̀ kúrò lójú irin ní Ìkìrun láti àná!
Ẹni tó ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ a máa dá a mọ̀ lẹ́nu àjèjì.

Àbùùbùtán. Mo pe orúkọ náà jẹ́ẹ́.
Ohun tí à ń bù, tí a ò lè bù tán.
Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé àwa ará òkè, tí odò tiwa kò ju Ọ̀yún lọ,
Ọ̀yún tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?
Bóyá ẹnìkan rí i, ó délé, ó ròyìn.
Bóyá kò tilẹ̀ rí i,
ó kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà láyé tí kì í tán.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kan ṣì kù. Kò ní àwòrán púpọ̀.
Ogójì èrò, bẹ́ǹṣì pákó, obìnrin ló ń wà á.
Ohun tó kọ kò ju báyìí lọ:
"A ó pa ẹ́ńjìnnì. A ó dákẹ́.
Ó lè wá, ó lè má wá."

Mo gbé fóònù sílẹ̀.
Mo rántí òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, nígbà tí reluwé ṣì ń jẹ èédú,
èmi nìkan lórí pèpéle,
tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi kí n tó gbọ́ ohunkóhun;
lẹ́yìn náà, lókèèrè, lápá Òkukù, èéfín funfun
tú sókè fùù:
ohun ńlá kan ń mí, ó ń bọ̀.

"Àṣíátù, èyí tó máa ń dákẹ́ yẹn."
"Bàbá, wọn ò ṣèlérí nǹkan kan o."
"Mo gbọ́. Ra méjì.
Kí o sì bi wọ́n bóyá bẹ́ǹṣì wọn ní ẹ̀yìn,
nítorí ìyá rẹ."