Ẹrù Tí Kò Lórúkọ

Ìdì mẹ́rìnlá la kó dé gáràájì Ìjọ̀kà
kí ojú tó mọ́ tán:
igi ìtà láti oko Ondó,
a là á, a gbẹ́ ẹ, a ò fá a.
Bàbá ní igi tí wọ́n bá fá kó tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀
kì í mọ ọwọ́ olówó rẹ̀.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ìdì kan,
orí èyí sí ìdí ìyẹn,
kí ìdì má baà sanra lápá kan, kó rù lápá kejì.
A fi ọ̀dà kun orí igi kọ̀ọ̀kan,
ibẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn ń gbà wọlé.
Rọ́bà táyà la fi dì í, ìdè mẹ́ta.
Ẹ má fi ọ̀rá wé e o.
Igi ń làágùn bí ènìyàn, inú ọ̀rá ló ti ń bu.

Morónkẹ́jì ṣí ìwé ńlá, bíró wà létí rẹ̀.
“Ẹrù wo nìyí?”
“Ẹ̀rú ni. Ẹ̀rú ọkọ́, ẹ̀rú àáké.”
“Mo ní, ẹrù wo?”
“Ẹ̀rú.”
Ó wò wá bíi pé èrú la fẹ́ ṣe.

Igi ìdáná, ẹgbẹ̀rin náírà ìdì kan.
Pákó, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ẹ mú ìwé igbó wá.
Irinṣẹ́, ẹgbẹ̀ẹ́dógún,
torí bó bá sọnù, àwa la ó san án.
Ẹ mú ọ̀kan, èrò ń bẹ lẹ́yìn yín.

Bàbá fa ọ̀pá kan yọ nínú ìdì, ó gbé e sójú tábìlì.
“Tí mo bá pè é ní igi ìdáná,
ẹni òtútù bá mú lójú ọ̀nà á fi yáná.
Tí mo bá pè é ní irinṣẹ́, irin dà?
Irin rẹ̀ wà ní Mọ́kwà,
lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tí kò mọ̀ mí lójú.”
Oníṣu tó wà lẹ́yìn wa pòṣé.

Morónkẹ́jì yọ bíró létí.
Lábẹ́ ìlà tí wọ́n tẹ̀, ó fi ọwọ́ fa tirẹ̀:
Ọ̀pá tí kò tíì rí irin. Ẹgbẹ̀fà.

Wọ́n tẹ́ wọn gbalaja sórí àpò kòkó,
wọ́n fa tapólì bò wọ́n.
Ọkọ̀ ti yọ sí títì Iléṣà
kí n tó rí ọ̀pá lọ́wọ́ bàbá.
Ó ní òun á kọ lẹ́tà sí alágbẹ̀dẹ. Kò kọ ọ́.
Ẹ̀yìn ilé wa ló wà dòní,
òun la fi ń ká àgbálùmọ̀.