Aládàkọ

Ogójì ọdún ni mo fi da orin Belarmino kọ,
èmi Deolinda, ọmọ aránbàtà òkè Graça,
tí n kò lè kọrin, tí n kò lè tẹ dùùrù,
àfi ọwọ́ tí kì í gbọ̀n lórí ìwé.

Ohun tó bá rí ló ń kọ ọ́ sí:
tíkẹ́ẹ̀tì tíráàmù, ẹ̀yìn ìwé gbèsè alápatà,
àmì ohùn á tò sórí rẹ̀ bí eèrà tó rí ṣúgà.
"Linda, aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí aṣọ ìtàgé o!"
Aago márùn-ún ti lù kó tó sọ bẹ́ẹ̀.
Fèrè mẹ́ta, kàkàkí méjì, gòjé mẹ́fà,
olúkúlùkù ló fẹ́ ìwé tirẹ̀,
tàdáwà á sì bá mi dé ìgbọ̀nwọ́.

Eré orí ìtàgé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.
Fíìmù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Ẹ má bi mí èwo ló dùn jù;
ta ló ń ka ẹ̀kán òjò?

Ọkùnrin ìjọba a máa jókòó ní ìlà kejì,
pẹ́ńsùlù búlúù lọ́wọ́ rẹ̀,
ọ̀rọ̀ tó bá ti ní eyín, á fa ìlà pa á.
Belarmino á yọ ọ̀rọ̀ náà, á fi fèrè dípò.
Ta ni yóò mú fèrè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?
Gbogbo Lísíbọ̀n mọ ohun tí fèrè ń wí.
Ọkùnrin pẹ́ńsùlù pàápàá ń mi ẹsẹ̀.

Fíìmù dé, wọ́n so ó mọ́ aago.
"Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni ẹkún opó yìí."
Ó kọ ẹkún mọ́kànlá.
Wọ́n tún fíìmù gé, ó ku méje;
ó gé ẹkún náà bí ẹni gé ìrù ẹja.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó wá sílé mi,
ó fi ìka tẹ mẹ́rin tó ṣẹ́kù
sórí tábìlì, láàárín àwo ọbẹ̀.
Igi ni tábìlì, kò dún.
"O gbọ́ ọ?"
Mo ní mo gbọ́.

Oṣù kejì ló kú. Ìwé ìròyìn pè é ní Belmiro.
Àwa méje la tẹ̀ lé pósí.
Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta tútù,
ọmọkùnrin kan tó ń kun fèrèsé ń súfèé:
orin ìparí eré kẹrìnlélógójì.
Ó dé àárín, ohùn kan ṣì.
Mo dúró.

Kì í ṣe àṣìṣe ọmọ náà.
Alẹ́ tí tàdáwà ń tán lọ, tí oorun ń kùn mí,
ìlà kan ni mo fi sọ̀ ohùn yẹn kalẹ̀,
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, títí dòní.
N kò jẹ́wọ́ fún un rí.
Ó gbọ́ ọ, dájúdájú. Etí Belarmino!
Kò sọ pé kí n tún un ṣe.