Ìwé Ló Ń Ṣáájú

Ajíbóyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
o ní kí n di ìbọn náà mọ́ àárín iṣu,
kí n gbé e fún awakọ̀ tó ń ná Èkó lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Mo gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Inú sì bí mi díẹ̀.
Iṣu ni wọ́n ń dì mọ́ iṣu.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì yìí, nọ́ńbà wà lára irin rẹ̀
bí ilà ṣe wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá mi.
Nọ́ńbà yẹn náà ló wà nínú ìwé àṣẹ
tí mo ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún,
tó wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn
pẹ̀lú rìsíìtì owó orí tí bàbá mi san kẹ́yìn.
Ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bá a,
orúkọ tèmi ni yóò jẹ́.

Má pè mí láhun.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́
nígbà tí o gbé àpò ọdẹ mi kọ́rùn
láti Òkè-Onígbìn títí dé etí odò,
ẹ̀fọn ń jẹ ọ́, o ò gbá a,
o kàn ń wo ibi tí mo ń wò.
Òru yẹn ni mo ti fún ọ ní ìbọn yìí nínú ikùn mi.
Àwọn ọmọ tí mo bí, ọ̀kan ń ta fóònù n'Ílọrin,
èkejì kò lè wo adìyẹ lójú kó pa á.

Ṣùgbọ́n ikùn mi kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo lọ sí Ọmù-Àrán lọ́jọ́ Ajé.
Sájẹ́ǹtì Gáná, ọmọ Pátígi, ló jókòó.
"Bàbá, ta lẹ fẹ́ fún?"
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.
"Níbo?"
Èpẹ́. Òyà ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ run.
Ó gbé bírò sílẹ̀.
"Èkó?" ó ní, bí ẹni tó pe orúkọ àìsàn.
"Níhìn-ín, ẹ mọ̀ mí, mo mọ̀ yín.
Lọ́hùn-ún, ilé ń wo ilé lẹ́nu,
ẹ yìn ín sí òyà, ó bá fèrèsé àlejò.
Wọn ò níí dá a lóhùn kíákíá."

Nítorí náà, wá fótò mẹ́rin, má wọ fìlà.
Wá ẹni méjì tó mọ̀ ọ́, tí kì í ṣe ẹbí.
Èmi ti búra tèmi ní kóòtù
pé ẹ̀bùn ni, n ò gba kọ́bọ̀.
Dókítà yóò wo ojú rẹ, yóò wo orí rẹ.
Bó bá béèrè ohun tí o fẹ́ fi ìbọn ṣe,
òyà ni kí o sọ.
Má fi ọ̀rọ̀ àna rẹ ṣàwàdà níbẹ̀.
Bí wọ́n bá sì kọ̀, Ajíbóyè, wọ́n kọ̀ nìyẹn.
Dẹ pàkúté.

Lánàá ni mo gbé e dé Ìlọrin fún wọn láti tọ́jú
títí ìwé tìrẹ yóò fi jáde.
Wọ́n so káàdì mọ́ ọn lọ́rùn
bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹbí tí kò rí rí.
Ọ̀nà gùn lábọ̀.
Èjìká mi ọ̀tún kò mọ ohun tí yóò ṣe.

Ìyàwó mi ti fi agboòrùn rẹ̀ kọ́ ìṣó ara ògiri.
N ò sọ nǹkan kan.

Àpò ọdẹ kò gba ìwé àṣẹ.
Òun ni mo dì mọ́ àárín iṣu,
awakọ̀ yóò dé lówùúrọ̀ Ẹtì.
Má fọ̀ ọ́.
Ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa:
iyanrìn odò yẹn ṣì wà níbẹ̀,
àti ìdajì gúgúrú tí o jẹ kù.